Ta Ló Mọ Ìwọ̀n Agolo Ìyá Balqees?

Ohùn tó ń jáde láti inú fóònù tí Ìyá Balqees gbé síwájú mi kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ẹ̀rọ ni. Yorùbá ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń sọ yé mi dáadáa. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń ṣe tọ́mù-bíráùn, ẹ̀kọ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo àti sóyà ṣe yẹn, láti orí yíyan àgbàdo títí dé orí lílọ̀ ọ́, dídì í sínú ọ̀rá àti títà á fún àwọn ìyá ọlọ́mọ.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín," ni Ìyá Balqees wí. "Iṣẹ́ mi nìyẹn. Wọ́n jí i, wọ́n wá fi ẹ̀rọ sọ ọ́ kí n má baà dá wọn mọ̀. Wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú lórí Tẹligíráàmù. Àwọn oníbàárà mi ti ń sá lọ bá wọn."

Orúkọ mi ni Ẹ̀bùnlọlá Fáṣínà. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe fẹ̀yìntì, ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mo sì wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Síáídì láti Kúje títí dé Festac. Mo rò pé bí mo bá ti fẹ̀yìntì, wọn á jẹ́ kí n sinmi. Ta ló jẹ́? Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù á wá, ẹni tí ọkọ rẹ̀ sọnù náà á wá, ti ewúrẹ́ ló sì máa ń yá láti rí.

Àlhájà Làtífátù Sàláwù ni orúkọ Ìyá Balqees gan-an. Ó ta ọkà lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tọ́mù-bíráùn nínú ilé rẹ̀ ní Festac. Nígbà tí òwò náà gbèrú, ó sọ ìmọ̀ rẹ̀ di ọjà. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ya fídíò, Balqees ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì bá a tò ó ní ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin tó fẹ́ dá òwò kékeré sílẹ̀ ń rà á láti Badagry títí dé Ìbàdàn, ó sì kó gbogbo wọn jọ sínú gúrúùpù kan lórí Wásáàpù.

"Ta lẹ fura sí?" ni mo bi í.

"N kò fura sí ẹnì kankan. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣìmí ni, ọmọ tó ń bá mi dá àwọn oníbàárà lóhùn. Mo ti lé e. Ẹ kàn bá mi wá ẹ̀rí tí n ó kó lọ bá ọlọ́pàá."

"Ta lẹ ti sọ ọ́ fún?"

"Mo ti sọ ọ́ nínú gúrúùpù. Mo fi fọ́tò rẹ̀ sí i."

Inú bí mi. "Ìyá Balqees, ẹ ti dájọ́ tán kí ẹ tó wá pe ẹlẹ́rìí."

Ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Balqees, tó gbé omi wá fún mi, rọra gbé ife sílẹ̀, ó sì padà sínú ilé ìdáná láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

*

Abúlé Adó ni mo ti bá Ṣìmí, nínú yàrá kan tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jọ ń gbé. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì fẹ́ dìde mọ́.

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lo jí i?"

"Rárá mà. Ọlọ́run gbọ́, n kò jí i."

"Ta ló máa ń fi ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ sí ẹni tó bá sanwó?"

"Èmi ni mà."

"Gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Bí mo bá jẹ́ ọlọ́pàá òní, ọ̀rọ̀ rẹ ti parí níbẹ̀ yẹn."

Ló bá bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹ̀rù àhámọ́ ló ń bà á. Samson, awakọ̀ kan tó ń kó ẹrù ní Trade Fair, ló fẹ́ gbé e níyàwó. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Samson ti fi òrùka sí i níka, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá Samson wá rí fọ́tò Ṣìmí lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà nínú gúrúùpù náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Ìyá Balqees kọ sábẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn ò lè fọwọ́ ara àwọn mú olè wọlé," ni Ṣìmí wí. "Wọ́n ní bí mi ò bá jí i, kí ẹni tó jí i jáde. Samson kò lè ṣe nǹkan kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀, mà. Àwọn nìkan ló tọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni náà."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó ń ti ṣíbí kúrò lẹ́nu. Mo bu nǹkan tó wà nínú abọ́ ọmọ náà tọ́ wò. Tọ́mù-bíráùn ni. Òórùn sóyà gba gbogbo ẹnu mi, àfi bí ẹni pé ẹ̀wà tútù ni mo jẹ.

"Ta ló se èyí?"

"Èmi ni mà. Bí Àlhájà ṣe ní ká ṣe é nínú ẹ̀kọ́ wọn ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n tèmi kì í dùn bíi tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra ẹ̀kọ́ náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá jíṣẹ́ fún Àlhájà, wọ́n á ní ọwọ́ wa ni kò dáa."

"O ò wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn?"

"Ta ló máa jẹ́ kí n wò ó, mà? Wọ́n máa ń tilẹ̀kùn ni tí wọ́n bá fẹ́ wọn nǹkan. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó bá ti mọ ìwọ̀n lónìí, ọ̀gá ni lọ́la. Àwọn àti Balqees nìkan ló ń wọ ilé ìdáná. Pálọ̀ ni mo máa ń wà, nídìí fóònù."

Mo gbọ́ ọ, mo sì fi í sọ́kàn, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni mo sáré kọ́kọ́ lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá olè kì í fi tinútinú wo àwọn ará ilé.

*

Àwọn tó ń ṣe àwòrán ìpolówó kì í ṣàì fi orúkọ wọn sí igun. Nísàlẹ̀ ìpolówó ẹ̀kọ́ olóhùn ẹ̀rọ náà ni mo ti rí orúkọ Dammy àti nọ́ńbà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà, ní Festac níbẹ̀ náà ni. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara mi, mo sì jókòó sórí àga tí kò ní kí n jókòó sí.

"Ìwọ lo ń ta ẹ̀kọ́ tọ́mù-bíráùn."

"Ah, Mama, ẹ má kó bá mi o! Gíráfíìsì lásán ni mo ṣe. I no know anything."

"Ta ló gbé iṣẹ́ náà fún ọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Orí Wásáàpù ló ti bá mi sọ̀rọ̀. Mo pè é, kò gbé e. Àfi kó máa kọ̀wé ṣáá. Nọ́ńbà yẹn ò tiẹ̀ lọ mọ́."

Mo wò ó títí. Mo ti wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpùrọ́ nígbà ayé iṣẹ́ mi. Òpùrọ́ máa ń bínú nígbà tó bá yẹ kó bẹ̀rù. Ẹ̀rù ló ń ba Dammy, ó sì ń bà á gan-an.

"Irú èèyàn wo lo rò pé ó jẹ́?"

"Èèyàn dáadáa ni. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bíi pé ọ̀fẹ́ ni mo ṣe é." Ó yọ ọ̀rá kan jáde lábẹ́ tábìlì. "Ẹ wò ó, ó tún fi ẹ̀kọ́ yẹn ta ìyàwó mi lọ́rẹ. Ìyàwó mi ti ń ṣe é tà. Ẹ tọ́ ọ wò. It's correct."

Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a. Dídùn rẹ̀ yẹn gan-an ni dídùn ti Ìyá Balqees tí mo ti jẹ rí. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti rú mi lójú. Ṣìmí tẹ́tí sí olùkọ́ gan-an, tirẹ̀ ò dáa. Ìyàwó Dammy tẹ́tí sí olè, tirẹ̀ sì bá ti olùkọ́ dọ́gba. Báwo ni olè ṣe wá mọ ohun tí ẹni tó jà lólè kò sọ?

*

Mo gbé ẹ̀kọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ilé mi ní Kúje, mo ń gbọ́ wọn léraléra títí ọmọ mi fi ní òun á kó kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí a ṣe ń yan án, bí a ṣe ń fẹ́ ẹ, bí a ṣe ń dì í, kò sí èyí tó yàtọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti pínyà. Ìyá Balqees ní kí a fi kọ́ńgò wọn àgbàdo, kí a wá fi agolo wọn sóyà, agolo mẹ́ta. Ẹ̀rọ kò dárúkọ kọ́ńgò tàbí agolo rárá. Gíráàmù ló ń kà.

Mo ra sóyà, mo bu agolo mẹ́ta tó kún dáadáa, mo sì gbé e lọ sórí sìkéèlì ẹlẹ́ja tútù tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó wúwo ju iye tí ẹ̀rọ kà lọ, kì í sì í ṣe ìwọ̀nba díẹ̀. Mo wọn kọ́ńgò àgbàdo náà, òun bá iye tí ẹ̀rọ kà mu. A jẹ́ pé sóyà nìkan ni olè náà dín kù, ó sì dín in dé ibi tó yẹ gẹ́lẹ́.

Ẹni tó ń fojú bù ú kì í bọ́ sí ojú ẹ̀ gẹ́lẹ́ báyìí. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ni, agolo tó sì fi wọ̀n ọ́n kò gbà tó agolo tèmi.

"Àǹtí, ẹ fẹ́ ra ẹja àbí ẹ ò ra?" ni ẹlẹ́ja wí.

Mo ti mọ̀ ọ́n, ó sì dùn mí pé mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin wo ló ń ra gààrì tàbí ẹ̀wà nílùú Èkó tí kì í sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó dojú agolo dé ná? Àwọn kan nínú àwọn ọlọ́jà a máa fi òòlù lu ìdí agolo wọlé kí ó má baà gbà púpọ̀. Bí ó bá wà lọ́wọ́ wọn, ó kún. Bí o bá délé, ọjà rẹ ti dín kù. Ìyá Balqees ta ọkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olùkọ́.

*

Mo mú Ṣìmí dání lọ sí Festac. Mo ní kó dúró sí pálọ̀. Mo wọ ilé ìdáná bá ìyá àti ọmọ, mo sì ní kí wọ́n fi agolo ìwọ̀n hàn mí. Ìyá Balqees kọ́kọ́ ń ráhùn, lẹ́yìn náà ó mú un wá. Mo dojú rẹ̀ dé. Ìdí rẹ̀ ti wọnú lọ bí ìdodo ọmọ tó sanra.

Ìyá Balqees na ọwọ́ pé kí n dá a padà.

Mo mú agolo tuntun kan jáde nínú báàgì mi, mo nà án sí Balqees. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi wọn sóyà agolo mẹ́ta sínú abọ́ yẹn."

Ó bu ti àkọ́kọ́, ó kún. Kí ó tó dà á sínú abọ́, ó fi ọwọ́ ha díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, ó dá a padà sínú àpò. Ó bu èkejì, ó tún ha á. Ìgbà tó bu ẹ̀kẹta ló tó rí i pé ìyá òun ń wo ọwọ́ òun. Ọwọ́ náà dúró sójú kan.

"Kí ló dé tí ò ń dín in kù, Balqees?" ni mo bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Agolo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sóyà fọ́n ká ilẹ̀.

"Ìwọ?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ ọmọ inú mi?"

"Mo sọ fún yín, Mọ́mì." Ó jókòó sórí sóyà náà. "Mo bẹ̀ yín. Mo ní agolo yìí kì í ṣe irú agolo tó wà nílé àwọn èèyàn. Mo ní kí ẹ jẹ́ ká tún ẹ̀kọ́ yẹn ṣe, ká fi sìkéèlì wọ̀n ọ́n. Àwọn obìnrin yẹn ń yáwó ra sóyà, wọ́n ń dà á nù. Ọ̀kan ń sunkún fún wa lórí gúrúùpù, ẹ ní ọwọ́ ẹ̀ ni kò dáa."

"Kí n wá jáde sọ fún gbogbo ayé pé agolo tí wọ́n lu ìdí ẹ̀ ni mo fi ń tajà? Èmi Àlhájà? Agolo yẹn náà ni mo fi tọ́ ẹ dàgbà!"

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Ìdí tí mi ò fi lè sọ ọ́ síta nìyẹn. Mo wá ṣe èyí tó dáa fún wọn, mo fi ẹ̀rọ sọ ọ́, mo sì ń tà á ní pọ́ọ́kú kí gbogbo wọn lè rí i rà. Mo rò pé ẹ ò ní mọ̀."

"Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò Ṣìmí síta ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó káwọ́ bo ojú. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, ọkàn mi ò gbà. Ohun tó dára ló ṣe, ó wá dákẹ́ nígbà tí kò yẹ kó dákẹ́. Ṣìmí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti pálọ̀.

"Ìyá Balqees," ni mo wí, "ohun tó kù kò le. Inú gúrúùpù lẹ ti bà á lórúkọ jẹ́, inú gúrúùpù náà ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ẹ sọ pé Ṣìmí kọ́."

"Wọ́n á bi mí pé ta ni."

"Ẹ dá wọn lóhùn."

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, Àǹtí." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Wọ́n á máa pè é lólè. Wọ́n á tún bèèrè ohun tó fà á."

"Ohun tí wọ́n ń pe ọmọ ẹlòmíràn nìyẹn báyìí."

Ó nu ojú, ó gbé fóònù, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Ọkàn mi tiẹ̀ ti ń yìn ín.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, àlàáfíà fún yín o. Ọ̀rọ̀ Ṣìmí yẹn, mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọmọdé ni. Mo ti dárí jì í látọkàn mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bú u mọ́."

Kí n tó na ọwọ́, ó ti fi í ránṣẹ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àdúrà ń wọlé lé àdúrà. Àlhájà wa, ọkàn yín funfun. Ọlọ́run á san án fún yín. Àwọn bíi tiyín ò pọ̀ mọ́ láyé.

Ṣìmí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Àlhájà," ni ó wí, "kí ni mo ṣe tí ẹ fi dárí jì mí?"

Mo yíjú sí Balqees. "Dìde, ká jọ lọ bá ìyá Samson. Ẹnu rẹ nìkan ló lè gba ọmọ yìí sílẹ̀." Balqees dìde lóòótọ́. Ó wo Ṣìmí, ó wo ìyá rẹ̀ tó di fóònù mọ́ àyà tó ń sunkún. Ó padà jókòó sórí sóyà tó fọ́n ká ilẹ̀ yẹn.

*

Èmi nìkan ni mo wọlé lọ bá ìyá Samson. Ṣìmí ní òun á dúró síta. Obìnrin náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún mi ní àga, ó sì gbọ́ mi dé òpin. Mo ṣàlàyé agolo, mo ṣàlàyé sìkéèlì, mo sọ bí Balqees ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. N kò ṣàlàyé ẹjọ́ kankan dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, títí kan níwájú adájọ́.

Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, mo gbọ́ yín. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti gbé ohùn Àlhájà yẹn fún mi gbọ́ kí ẹ tó dé. Ẹni tó ni nǹkan ló ní òun ti dárí jì í." Ó wò mí lójú, kò sí ìkà kankan lójú rẹ̀. "Ẹni tí kò jalè, ta ní í dárí jì í?"

Gbogbo ẹ̀rí tí mo ní wà lọ́wọ́ mi, kò sí èyí tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn àfi ohùn ẹni méjì tó wà ní Festac, àwọn méjèèjì sì ti pinnu láti dákẹ́. Mo kí i, mo sì jáde.

Ṣìmí jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó gbójú sókè wò mí. N kò tíì sọ nǹkan kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí òrùka ìka rẹ̀, ó ń fà á, kò fẹ́ bọ́, ó wá fi itọ́ sí i kó lè yọ̀.

"Ẹ bá mi fún wọn, mà," ni ó wí. "Mi ò lè wọlé."